Hájì láìgba tasríìhì: ìdáhùn fún ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Riyadh

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aleekumu, àáfáà wa. Ọmọ Ìwó ni mí, ọkọ̀ ni mo ń wà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Riyadh, ó ti lé ní ọdún méjì. N kò tíì ṣe Hájì rí. Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwa ọmọ Yorùbá tó wà níhìn-ín. Àáfáà kan láti ilé fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé bídíà, ìyẹn àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, ni tasríìhì, ìwé àṣẹ Hájì tí ìjọba Sáúdí ń béèrè. Ó ní ilé Ọlọ́hun ni Káábà, kì í ṣe ilé ọba, pé kí ẹni tó bá ti wà nílùú yìí wọ jalabíà lé hàrámì (aṣọ funfun tí a ń wọ̀ fún Hájì) lórí, kí ó gba ọ̀nà Táífù wọ Mọ́kà. Àwọn kan ti ń dá owó ọkọ̀ jọ. Ṣé kí n bá wọn lọ? Ẹ̀ẹ̀kejì, bí ọjọ́ ààwẹ̀ ti ibí bá yàtọ̀ sí ti ilé, ti ta ni kí n tẹ̀lé? Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá mi fi tíírà rán ẹnì kan sí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí láti so ó.

ÌDÁHÙN: Wa aleekumu sàláámù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Má bá wọn lọ. Bí o bá ti dá owó sí ọkọ̀ náà, lọ gba owó rẹ.

Kí á tó dórí tasríìhì, físà tí o fi wọ ìlú yẹn, àdéhùn ni. Ìkàmà, ìwé ìgbélùú tó wà lápò rẹ, àdéhùn ni. Ọjọ́ tí o ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ lo ti gbà láti máa fi òfin ìlú gbé níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ Súrátúl Máídà ni Ọlọ́hun ti pa wá láṣẹ pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Ànábì sì sọ pé dandan ni fún Mùsùlùmí láti gbọ́, kí ó sì tẹ̀lé ọ̀rọ̀ aláṣẹ, nínú ohun tó wù ú àtohun tí kò wù ú, àfi bí wọ́n bá pa á láṣẹ ẹ̀ṣẹ̀. Bùhárì àti Músílímù, àwọn tó kó hàdíìsì jọ, ló gbà á wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ Úmárù. Kí wọ́n ní kí o forúkọ sílẹ̀, kí o sì dúró de ìgbà tó máa kàn ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ bídíà yìí sì ti ń yá lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ àáfáà wa jù. Bídíà ni kí èèyàn mú ohun tí kò sí nínú ẹ̀sìn, kí ó sọ ọ́ di ìjọsìn. Ta ló sọ tasríìhì di ìjọsìn? Kò sí onímímọ̀ kan tó kà á mọ́ òpó Hájì, kò sí ẹni tó ń dá àníyàn rẹ̀ ní míkáàtì, ibi tí a ti ń gbé hàrámì wọ̀. Ètò ìlú ni. Àáfáà tó fi ohùn ránṣẹ́ yẹn, bí òun náà bá fẹ́ lọ Hájì láti Nàìjíríà, pásípọ́ọ̀tù ni yóò kọ́kọ́ wá, yóò sì na apá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára yírùnyírùn. Èwo nínú méjèèjì ló wà láyé Ànábì? Kò pe ìyẹn ní bídíà, nítorí pé láìsí i, kò ní í wọ bàálù.

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń nà síni ni hàdíìsì Jubayr ọmọ Mut'im, tí Tírímísì àti Àbú Dáwúdà gbà wá, pé Ànábì sọ fún àwọn ọmọ Abdu Mánáfì pé kí wọ́n má dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bá fẹ́ yí ilé náà po tàbí tó fẹ́ kírun níbẹ̀, ní wákàtí tó bá wù ú, lóru tàbí lọ́sàn-án. Hàdíìsì náà dára. Ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ wákàtí ló dúró lé: bóyá èèyàn lè ṣe tawáfù, ìyẹn yíyí Káábà po, kí ó sì kírun lẹ́yìn Àsárì tàbí lẹ́yìn Súbúì. Ibẹ̀ ni àwọn onímímọ̀ ti ń lò ó. Kò sọ pé aláṣẹ kò gbọdọ̀ ṣètò bí èrò yóò ṣe wọlé. Nínú Muwatta, ìwé hàdíìsì rẹ̀, Ìmáámù Málíkì tí í ṣe ọ̀gá tiwa gbà á wá pé Úmárù, kálífà kejì lẹ́yìn Ànábì, rí obìnrin adẹ́tẹ̀ kan tó ń yí Káábà po. Ó ní, "Ìwọ ẹrúbìnrin Ọlọ́hun, má ṣe ni àwọn èèyàn lára, ì bá dára bí o bá jókòó sílé rẹ." Obìnrin náà jókòó. Nígbà tí Úmárù kú, ẹnì kan wá bá a pé ẹni tó kọ̀ fún ọ ti lọ, jáde. Ó fèsì pé òun kò ní í tẹ̀lé àṣẹ rẹ̀ nígbà tó wà láàyè kí òun wá ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́hun níbi tí ọlọ́pàá kankan kò sí.

Èyí tó ga jù ú lọ ni ti Ànábì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 6 Híjírà, inú hàrámì, ìyẹn ipò ẹni tó ti dá àníyàn Hájì tàbí Úmírà, ló wà pẹ̀lú àwọn sàhábà tó tó 1,400 nígbà tí àwọn Kùráéṣì dá wọn dúró ní Hudaybiyyah. Ó gúnran, ó fárí, ó padà. Lọ́dún kejì, àdéhùn ni ó fi wọlé: ọjọ́ mẹ́ta péré, idà nínú àkọ̀. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, wọ́n ní kí Álì sọ fún un pé àkókò ti tó, ó sì jáde. Abọ̀rìṣà ló bá ṣe àdéhùn yẹn o, ìlú tí wọ́n bí i sí ni wọ́n ti ní kó jáde. Ìwọ tí Mùsùlùmí ń ṣàkóso ìlú tí o wà, o fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin yìí kò farasin. Ní Hájì 2024, ìgbóná ojú ọjọ́ ní Mọ́sálásí Mímọ́ dé 51.8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ǹtígírédì. Ìjọba Sáúdí kéde pé èèyàn 1,301 ló kú, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò gbàwé àṣẹ. Ẹni tí kò ní tasríìhì kò ní àgọ́ ní Mínà, kò ní bọ́ọ̀sì lọ Árafà, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn nínú oòrùn. Ọlọ́hun ní kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Ọdún yẹn kan náà ni Ìgbìmọ̀ Àwọn Àgbà Onímímọ̀ ní Sáúdí sọ ọ́ gbangba pé kò tọ́ láti lọ láìgbàwé, ẹni tó bá lọ ti dẹ́ṣẹ̀. Ní ti owó ìtanràn, ó jẹ́ 10,000 ríyáàlì ní 2024. Ní 2025 wọ́n gbé e dé 20,000, wọn yóò dá ẹni náà padà sílé, kò sì ní í wọ Sáúdí fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ kó wọn tàbí tó gbà wọ́n sílé lè san tó 100,000. Awakọ̀ ni ọ́, gbé ìyẹn yẹ̀ wò dáadáa.

Wọ́n á ní, ẹni tó ti ṣe é ńkọ́? Hájì rẹ̀ ṣe bí ó bá pé òpó, kò ní í tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ọlọ́hun kúkú ní kò sí ìwà ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí iyàn jíjà nínú Hájì. Èyí tó fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú agbófinró wá ńkọ́?

Gbèsè tún wà nínú ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn tí àáfáà WhatsApp kò sọ fún yín. Ẹni tó ń ti Riyadh bọ̀, míkáàtì rẹ̀ ni Kánúúlì Manásílì, tí wọ́n ń pè ní Sayl al-Kabir lónìí. Bí ó bá kọjá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé nítorí kí wọ́n má baà mọ̀ ọ́n, tó wá dá àníyàn níwájú, àgùntàn kan tí yóò pa fi ṣe ìtanràn ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lójú ọ̀nà Málíkì tiwa, bó tilẹ̀ padà sí míkáàtì lẹ́yìn tó ti dá àníyàn, àgùntàn náà kò kúrò. Bí ó bá sì dá àníyàn ní míkáàtì, tó wá wọ jalabíà lé hàrámì, fídíyà, ìtanràn ẹ̀sìn, ni: kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tàbí kí ó fún tálákà mẹ́fà lóúnjẹ, múdù Ànábì méjì (ìkúnwọ́ méjèèjì papọ̀ ni ọ̀kan) fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó pa àgùntàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òun ní owó fídíyà. Ẹni tí ọ̀ràn bá ká mọ́, bí àìsàn, ni fídíyà ń rọ̀ lọ́rùn. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é gbọ́dọ̀ tún túúbá.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n dá a padà lójú ọ̀nà pẹ̀lú hàrámì lára. Ìwé àwọn Málíkì sọ pé ẹni tí ọ̀tá tàbí rògbòdìyàn dí lọ́nà, tàbí tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́, ni ó lè tú hàrámì. "Láìtọ́" ni wọ́n kọ. Ẹni tí wọ́n dá dúró nítorí ẹ̀bi ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rọrùn: ó lè wà nínú hàrámì títí yóò fi rí ọ̀nà ṣe Úmírà. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú yín, mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó mú èyí tó fúyẹ́, kí ó pa àgùntàn, kí ó fárí, kí ó túúbá, kí ó má sì tún gbìyànjú mọ́.

Ọ̀nà tó tọ́ kò jìn sí ọ. Òfin iṣẹ́ Sáúdí fún òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún méjì láìdáwọ́ dúró lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, tí kò tíì ṣe Hájì rí, ní ìsinmi Hájì pẹ̀lú owó oṣù, ọjọ́ 10 sí 15, ọjọ́ Iléyá wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá lè pín àwọn òṣìṣẹ́ sọ́dún-sọ́dún kí iṣẹ́ má baà dúró, nítorí náà tètè béèrè. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn awakọ̀ inú ilé kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Àwọn gbọ́dọ̀ bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, fi nọ́mbà ìkàmà rẹ forúkọ sílẹ̀ lórí Nusuk, ojú òpó ìjọba Sáúdí fún Hájì, níbi tí wọ́n ti ń fún ẹni tí kò ṣe é rí láyè ṣáájú. Ní 2024, ìpele tó kéré jù fún àwọn tó ń gbé Sáúdí lé díẹ̀ ní 4,000 ríyáàlì, kò tó ìdajì ìtanràn ọdún náà. Má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun lè bá ọ ṣe tasríìhì lábẹ́lẹ̀, ayédèrú ló pọ̀ níbẹ̀. Bí ó kò bá sì kàn ọ́ lọ́dún yìí, Hájì kò tíì di dandan lé ọ lórí, nítorí ẹni tó bá lágbára ọ̀nà ni Ọlọ́hun pọn ọ́n lé. Kí àwọn ará ilé tó ń pè ọ́ ní Àlhájì lórí fóònù ṣe sùúrù. Láwàní àti eyín wúrà kò sá lọ.

Ní ti ààwẹ̀, ti àwọn tí o wà láàárín wọn ni kí o tẹ̀lé. Kurayb rí oṣù ní Ṣáámù (agbègbè Síríà) ṣáájú àwọn ará Mẹ̀dínà, nígbà tó dé Mẹ̀dínà ọmọ Àbáàsì, sàhábà Ànábì, kò fi ti Ṣáámù ṣe é. Bí o bá wá sílé láàárín Ràmàdáánì, bá àwọn ará ilé túnu kódà kó di ọjọ́ 31. Bó bá jẹ́ 28 péré lo gbà, san ọ̀kan lẹ́yìn Ìtúnu.

Tíírà ìyá rẹ: Ìmáámù Málíkì gbà kí aláìsàn so èyí tó jẹ́ Al-Kùránì nìkan, èyí tí kò ní òǹtẹ̀ àti orúkọ àjèjì. Ṣùgbọ́n ta ló tú awọ rẹ̀ wò? Ẹ̀sùn oṣó sì wúwo gan-an ní Sáúdí, wọ́n ti pa èèyàn lórí rẹ̀. Má so ó, má sì fi sínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́. Sọ fún ẹni tí wọ́n fi rán kí ó dá a padà, kí o pe ìyá rẹ, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o ní kí wọ́n máa ṣe àdúà fún ọ. Kí o máa ka Áyátúl Kúrúsíyù àti Kúlì méjèèjì tó gbẹ̀yìn Al-Kùránì láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọlọ́hun ló nímọ̀ jùlọ.