Níbo ni igi Aesculus wangii ti ń hù, kí ló sì ń lé e lọ?

Igi ilẹ̀ Ṣáínà ni. Gúúsù ìlà-oòrùn ẹkùn Yunnan ló ti ń hù, nínú igbó orí òkè, títí dé ẹ̀bá Vietnam. "Igi ewé méje" ni àwọn ará Ṣáínà ń pe irú rẹ̀, torí pé ewé 5 sí 7 máa ń yọ láti ojú kan ṣoṣo, bí ìka ọwọ́ téèyàn yà sílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ewé àràbà ti mọ bó ṣe rí.

Ìdí tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ohun alààyè, fi kà á mọ́ àwọn igi tó wà nínú ewu ni pé wọ́n ń pa igbó tó ń gbé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kò fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kóró rẹ̀ tún dá kún wàhálà náà. Ó tóbi, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àpá ńlá kan tó funfun sì wà nídìí rẹ̀. Bí irú kóró bẹ́ẹ̀ bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, ó kú nìyẹn. Kò ṣeé tọ́jú bí irúgbìn àgbàdo tí a so sókè àjà di ọdún tó ń bọ̀. Àfi kí wọ́n tètè gbìn ín.

Ẹ má bu kóró náà jẹ o! Oró saponin wà nínú rẹ̀. Ìbátan iṣin wa ni igi yìí, ẹbí Sapindaceae kan náà, ẹ sì mọ ohun tí iṣin tí kò tíì la ẹnu fúnra rẹ̀ ń fojú ọmọdé rí.