Súpámótò Wo Ló Ṣeé Gbára Lé Lójoojúmọ́? Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Peckham ni mò ń gbé níbí ní London, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Croydon, alẹ́ ni ṣíìfù mi sì sábà máa ń bọ́ sí, ẹ̀yin náà mọ bí wàhálà bọ́ọ̀sì ṣe máa ń rí tó bá ti di òru. Mo ti gba láìsẹ́ǹsì A tán, èyí tó jẹ́ kí n lè gun alùpùpù ńlá, 125cc kékeré ni mo ṣì ń gùn, àmọ́ àwọn súpámótò yìí ló ń wọ̀ mí lójú, àwọn alùpùpù inú igbó tó ga, tó tín-ín-rín, tí wọ́n wọ táyà títì fún. Ọ̀rẹ́ mi kan rí KTM 450 kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n sáré lọ rà á torí owó ẹ̀ ò wọ́n. Ẹlòmíì ní kí n yáa wá DR-Z400 ti Suzuki. Èyí tí á máa tan láràárọ̀ ni mo fẹ́, tí mi ò ní sọ ilé mekáníìkì di ilé kejì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń gba mótówéè M1 lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Luton. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ ga o, owó ọwọ́ mi ò sì ju ti àlòkù lọ. — *Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má ra KTM 450 yẹn. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ná kí n tó sọ nǹkan míì, torí mo mọ bó ṣe máa ń rí tí ojú èèyàn bá ti wà lára nǹkan tí wọ́n tún wá ní owó ẹ̀ ò wọ́n.

Oríṣi súpámótò méjì ló wà, tó o bá wò wọ́n lókèèrè bí ìbejì ni wọ́n rí. Ọ̀kan, eré ìdíje ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ fúyẹ́, ọ́ìlì tó ń gbà kéré, wákàtí ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ tó ti ṣe, wọn kì í fi máìlì kà á. Ìwé tó bá a wá á sọ fún ẹ pé lẹ́yìn wákàtí báyìí kó o pààrọ̀ ọ́ìlì, lẹ́yìn wákàtí báyìí kó o ṣí i kó o wo pisítìnì. Fún ẹni tó ń gbé e lọ sáré ní Sunday nìkan, kò burú. Ṣùgbọ́n ìwọ ń lọ Croydon, o ń bọ̀, pẹ̀lú gósìlóò ojú ọ̀nà ká ní ó tó wákàtí kan ààbọ̀ lóòjọ́, ṣírò ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, wàá rí i pé gbogbo ìgbà ni wàá máa dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ máṣíìnì. Ìdí tí owó wọn fi máa ń rọjú nìyẹn, ẹni tó ń tà á ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Ibi tí súpámótò ti wá náà nìyẹn ṣá. Ní 1979, ní Carlsbad ní California, tẹlifíṣọ̀n ABC ti Amẹ́ríkà ṣètò eré kan, wọ́n kó àwọn tó ń sáré lórí yẹ̀pẹ̀ àti àwọn tó ń sáré lórí ọ̀dà pa pọ̀ sójú kan náà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó mọ máṣíìnì gùn jù. Máṣíìnì inú igbó ni wọ́n fi wọ títì. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn ará Faransé gbé e lárugẹ.

Oríṣi kejì ni tìẹ. Ẹ́ńjìnì ọ̀nà ni wọ́n fi sínú ẹ̀, èyí tó lè gba ìyà. Ó wúlò ní London gan-an, mi ò ní purọ́: wàá ga ju orí ọ̀pọ̀ mọ́tò lọ, wàá máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú, ṣọ́kù ẹ̀ gùn débi pé kòtò àti bọ́ǹpù àdúgbò ò ní já ẹ níbàdí, ó sì tín-ín-rín tó láti gba àárín mọ́tò kọjá. Ìyà ẹ̀ ni pé síìtì ẹ̀ le, kò sì sí nǹkan kan tó máa gba atẹ́gùn fún ẹ lórí M1.

DR-Z400SM tí wọ́n sọ fún ẹ, máṣíìnì gidi ni. 2005 ni Suzuki gbé e jáde, 398cc, omi ló ń tu ẹ́ńjìnì ẹ̀ lára, kábúrétọ̀ ló ń lò, kò sí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó máa yọ ẹ́ lẹ́nu, mekáníìkì èyíkéyìí tó bá mọṣẹ́ lè tún un ṣe. Àléébù méjì làwọn tó ń gùn ún mọ̀ dáadáa. Èkíní, tẹ́ńṣọ́nà tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnì, èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ máa ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yọ ọ́ wọ́n á fi èyí tí wọ́n lè fọwọ́ yí sí i. Èkejì, àwọn nọ́ọ̀tì kan wà nínú ẹ́ńjìnì yẹn tó lè máa tú díẹ̀díẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti fi Loctite, gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, dì wọ́n. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti ṣe méjèèjì, tí ò bá mọ ohun tó ò ń sọ rárá, a jẹ́ pé wọn ò tíì ṣe é nìyẹn, yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tó pè.

Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni ò jẹ́ kí n sọ pé òun ni kó o rà. Gíà márùn-ún péré ló ní, tó o bá ń sáré 70 máìlì ní wákàtí kan lórí M1 ẹ́ńjìnì á máa ké, ọwọ́ á sì máa kú ẹ. Táńkì ẹ̀ ò gbà ju lítà 10 lọ, bí o bá ti rin bíi 100 máìlì kó o ti máa wá ilé epo. Ẹ̀kẹta ló wá ká mi lára jù, ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ bá burú jù ní London. Láti 29 August 2023 ni gbogbo London ti bọ́ sábẹ́ ẹ̀, máṣíìnì tí ò bá dé Euro 3, ìyẹn ìwọ̀n èéfín tí wọ́n fàyè gbà, £12.50 lóòjọ́. Àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́yìn July 2007 ló sábà máa ń yege, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú DR-Z tó wà lọ́jà ló ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wá wo tìẹ tó jẹ́ ṣíìfù alẹ́: o jáde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, o padà ní aago méje àárọ̀, ọjọ́ méjì ni wọ́n máa kà á sí torí ààjìn òru ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tuntun, ìyẹn £25 fún ṣíìfù kan ṣoṣo. Kó o tó fi ẹsẹ̀ kan jáde lọ wo máṣíìnì kankan, gba nọ́ńbà ẹ̀ kó o tẹ̀ ẹ́ sórí wẹ́ẹ̀bù TfL, àjọ ìrìnnà London, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó o wá ni Yamaha XT660X, èyí tó jẹ́ 2008 sókè. Kò gbayì lójú àwọn ọmọ tó ń gbé táyà iwájú sókè, ó wúwo, pẹ̀lú epo nínú ó lé ní 180 kílò. Ìwúwo yẹn gan-an ló máa gbà ẹ́ lọ́wọ́ atẹ́gùn lójú ọ̀nà Luton. Ìnjẹ́ṣọ̀n ló ń fún ẹ́ńjìnì ẹ̀ lépo dípò kábúrétọ̀, òtútù January ò ní kó o máa fa ṣókù (choke) kó tó tan, táńkì ẹ̀ gba lítà 15, síìtì ẹ̀ sì fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti Suzuki lọ. Ní ti gíga, àtẹ́lẹsẹ̀ kan tó bá kan ilẹ̀ dáadáa ti tó, má jẹ́ kí wọ́n tètè bá ẹ gé ṣọ́kù wálẹ̀, torí tí máṣíìnì bá ti wálẹ̀ ẹsẹ̀ ìdúró ẹ̀ náà á di gígùn jù, á wá máa dúró gbọnrangandan bíi kó ṣubú sí apá kejì.

Nǹkan kan wà lára XT yìí tó o gbọ́dọ̀ mọ̀. Inú férémù ni ọ́ìlì ẹ̀ ń gbé, kò sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì bíi ti ọ̀pọ̀ máṣíìnì. Tó o bá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó tutù, díìpù sítíìkì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì, á fi hàn ẹ́ pé ọ́ìlì ti lọ tán, èèyàn á wá da kún un, á tún da kún un, títí á fi pọ̀ jù tí á máa tú sínú àpótí atẹ́gùn. Jẹ́ kó gbóná ná, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí ìdúró, kó o wá wò ó. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á tó o rí ọ́ìlì lára fíltà atẹ́gùn, ẹni tí ò mọ èyí ló ti ń gùn ún.

Níjọ́ tó o bá lọ wò ó, sọ pé kí wọ́n má tan án kó o tó dé. Gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnì, tó bá gbóná, bi í pé kí ló dé. Kó o wá di hándù mú, kí ẹnì kan bá ẹ gbé iwájú ẹ̀ kúrò nílẹ̀, rọra yí i láti ọ̀tún sí òsì. Tó bá ń há láàárín bíi pé ó ní ibi tó fẹ́ dúró sí, bíárìn ọrùn ẹ̀ ti lọ, ẹni tó ni ín ti fi ṣeré gidi, ó ń gbé táyà iwájú sókè ó ń là á mọ́lẹ̀. Fa ṣéènì láti ẹ̀yìn, tó bá ń ṣí kúrò lára eyín tó o fi ń rí àlàfo, owó ṣéènì àti ti sípírókẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n lù sí ọrùn férémù gbọ́dọ̀ bá ti V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ máṣíìnì, mu, tí wọ́n bá ti fi nǹkan ha á, máa lọ sílé ẹ, má dúró ṣàlàyé. Ìtàn MOT ẹ̀, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, náà wà lórí gov.uk, ibẹ̀ lo ti máa rí i bóyá máìlì ẹ̀ ń lọ sókè lọ́dọọdún bó ṣe yẹ.

Tí owó bá wá pọ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú, Suzuki ti kéde DR-Z4SM ní ìparí 2024, ìnjẹ́ṣọ̀n, búrééèkì ABS tí kì í jẹ́ kí táyà há, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ULEZ ò sì sí. KTM 690 SMC R tó padà dé ní 2019 náà dáa, 10,000 kìlómítà ló wà láàárín sáfíìsì kan sí èkejì, ẹ wo bí òun àti 450 yẹn ṣe jìnnà síra bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Àmọ́ agbára ẹ̀ ju ohun tó o nílò lọ, ìnṣọ́ránsì ẹ̀ ní London á sì ya ẹ́ lẹ́nu.

Ó ku ọ̀rọ̀ olè. Àwọn olè fẹ́ràn súpámótò torí ó fúyẹ́, èèyàn méjì á kàn gbé e sínú fáànù ni. Ra ṣéènì tó nípọn, tó ní àmì Sold Secure, àwọn tó ń dán àgádágodo wò, kó o so ó mọ́ nǹkan tí ò ṣeé gbé. Bi wọ́n níbi iṣẹ́ bóyá kámẹ́rà wà níbi tí wàá máa páàkì sí, òru lo máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ n lẹ́ o. Ọmọ ọdún 19 ni mí, Manchester ni mo wà, CBT, ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ alùpùpù, nìkan ni mo ní. Mo fẹ́ súpámótò 125 tí máa fi máa gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà lẹ́yìn ilé ìwé. Ṣé ó ṣeé ṣe? — *Ọmọ Ilé Ìwé, Manchester*

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Yamaha WR125X ni kó o wá, ìnjẹ́ṣọ̀n ló ní, kì í sì í wàhálà, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é mọ́, fara balẹ̀ wá èyí tí wọ́n tọ́jú. Ó ga gan-an, lọ jókòó lé e ná. Tí wọ́n bá fi Aprilia SX125 lọ̀ ẹ́, 2018 sókè ni kó o gbà, àwọn tó ṣáájú ìyẹn two-stroke ni wọ́n, wọ́n ń jẹ ọ́ìlì, wọn ò sì yẹ fún dẹlífárì ojoojúmọ́.

Ìnṣọ́ránsì ni kó o fojú sí ju máṣíìnì lọ. Ìnṣọ́ránsì lásán ò bo ẹni tó ń gbé oúnjẹ gbowó, "hire and reward" ni kó o béèrè, tó o bá fi ti lásán ṣiṣẹ́ tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀, bí ẹni tí ò ní rárá ni wọ́n máa ṣe sí ẹ. Ọdún méjì ni CBT máa ń lò, o ò gbọ́dọ̀ gba mótówéè, o ò sì gbọ́dọ̀ gbé èèyàn sẹ́yìn. O ti pé ọdún 19, o lè ṣe ìdánwò A2 báyìí, láìsẹ́ǹsì alùpùpù alágbára ìwọ̀nba, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ẹ̀ látinú iṣẹ́ yìí kí CBT ẹ tó parí.