Bàbá Morẹ́nikẹ́, Níbo Lọmọ Ń Jókòó?

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa Honda Civic yín: ìjókòó ẹ̀yìn tí ẹ tú jù sí gáréèjì, àgò irin tí ẹ ní kí wẹ́dà jó mọ́ inú rẹ̀, ìjókòó eléré ìje méjì níwájú, àti bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sáré ní Brands Hatch, pápá ìje ọkọ̀ nílùú ọba. Ẹ ní ṣé kí ẹ máa san owó-orí, MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) àti ìńṣọ́ránsì rẹ̀ lọ kí ẹ lè máa wà á láti ilé dé pápá, àbí kí ẹ kọ̀wé SORN sí DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, pé ọkọ̀ náà ti kúrò lójú títì, kí ẹ ra tírélà kékeré tí ẹ ó máa fi fà á. Láàárín ojú ìwé kejì lẹ wá sọ pé, "Mo tilẹ̀ máa ń fi gbé Morẹ́nikẹ́ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì, ó fẹ́ràn ariwo rẹ̀." Ẹ sì padà sórí owó táyà.

Ẹ dúró ńbẹ̀.

Ọmọ ọdún méje, nínú ọkọ̀ tí kò ní ìjókòó ẹ̀yìn. Àgò adìyẹ lẹ wá ń kó ọmọ sí báyìí? Ní Brands Hatch, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ pápá láìdé akoto. Ẹ mọ ìdí rẹ̀ jù mí lọ: irin tó ń gba ẹni tó dé akoto là ló lè fọ́ orí ẹni tí kò dé e. Ṣé akoto ń bẹ lórí Morẹ́nikẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì? Bẹ́líìtì yẹn ńkọ́, ṣebí èjìká àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún? Òfin ìlú ọba ní kí ọmọ wà lórí ìjókòó ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ò kọ gbólóhùn kan nípa ìyẹn.

Irú lẹ́tà yìí ti sú mi. Ọkùnrin á ṣírò owó dé orí nọ́ọ̀tì, èèyàn ni yóò wá fi há àárín.

Ẹ tún ní ìńṣọ́ránsì "ṣì wà bó ṣe wà látìgbà tí mo ra ọkọ̀." Ẹ ò sọ fún iléeṣẹ́ ìńṣọ́ránsì pé ẹ ti tú inú ọkọ̀ nìyẹn. Wọ́n lè fagi lé e, ẹni tọ́lọ́pàá bá sì mú láìní ìńṣọ́ránsì, owó ìtanràn 300 pọ́n-ùn àti póíǹtì 6 lórí láìsẹ́ǹsì ni, wọ́n sì lè wọ́ ọkọ̀ lọ. Ìńṣọ́ránsì ojú títì ọ̀hún kì í sábà bá èèyàn wọ pápá náà.

Ó dáa, ìbéèrè yín. Ọkọ̀ tó wà lórí SORN ò gbọ́dọ̀ sùn sójú títì. Gáréèjì yín ṣáà wà. Láti oṣù Kejìlá 2021, láìsẹ́ǹsì ọkọ̀ lásán ti tó láti fa tírélà tó wọ̀n tó 3,500 kílò. Ẹ rà á. Kì í ṣe torí owó o. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ yẹn bá ṣì níwèé, ọmọ á máa bẹ̀ yín, ẹ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá.

Ìyá rẹ̀ dà? Ojú ìwé mẹ́ta, ẹ ò dárúkọ obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí DVLA, ẹ lọ sọ fún un lálẹ́ òní ibi tọ́mọ rẹ̀ ń jókòó. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ẹ mú ọmọ wọ bọ́ọ̀sì.