Kì í ṣe jíjìn omi ló ń lé títì wọ abẹ́ omi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ká ya títì tí yóò kọjá lórí omi fífẹ̀, afárá pẹ̀lú ihò abẹ́ omi. Mo fi ihò síbi tí omi ti jìn jù, torí òpó ò lè débẹ̀. Ṣé mo gbà á? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń gbẹ́ ihò náà tí omi ò fi ní ya wọlé? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: O ò gbà á. Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ bi mí o. Ẹnì kan á ya àwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo yín á sì dà á kọ.

Wo ti Chesapeake Bay (apá òkun tó wọ inú ilẹ̀) ní Virginia, l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 1964. Máìlì 17.6 ni láti etí ilẹ̀ kan dé èkejì. Afárá orí páìlì (òpó tí wọ́n gbá wọ ilẹ̀) ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi méjì péré ni títì ti wọ abẹ́ omi, òkè ibẹ̀ gan-an sì ni ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà. Norfolk tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ń gúnlẹ̀ sí ò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀rù àwọn ológun ni pé bí ọ̀tá bá fi bọ́ǹbù wó afárá, tó wó dí ọ̀nà, ọkọ̀ wọn há nìyẹn. Lápá àríwá tó jẹ́ pé ọkọ̀ kéékèèké ló ń kọjá, afárá gíga ni wọ́n ṣe. Third Mainland l'Ékòó gùn tó kìlómítà 11.8, kò ní ihò kankan: ọkọ̀ òkun tó ń lọ Àpápá kì í gba abẹ́ rẹ̀.

Ní ti gbígbẹ́, wọn ò gbẹ́ ti 1964 yẹn bí ẹni gbẹ́ kànga. Wọ́n wa kòtò gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n fa àwọn páìpù irin ràgàjì tí wọ́n dí lẹ́nu méjèèjì wá láti Texas, wọ́n da kọnkéré sí ara ògiri wọn títí wọ́n fi wúwo, wọ́n rì wọ́n, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. (Ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀ wà o, òun ni wọ́n mú wá fún ihò tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.) Mú kẹ́ẹ̀gì òfìfo, dé e pin, kó o tẹ̀ ẹ́ sínú báàfù omi. Ṣó o rí bó ṣe ń ti ọwọ́ rẹ padà? Kó má léfòó ni wàhálà irú ihò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kó rì.

Má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe iṣẹ́ gidi o. Bí n ò bá rí àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀, n ò ní buwọ́ lù ú, ẹ̀ńjìnnìà tó bá sì buwọ́ lù ú, sá fún un. Pa àwòrán yẹn rẹ́. Lọ wádìí ibi tí ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà àti bó ṣe ga tó, kó o wá fi erékùṣù àfọwọ́dá kan síbi tí títì yóò ti wọlẹ̀, òmíràn síbi tí yóò ti jáde. Mẹ́rin ni wọ́n ṣe ní Virginia.