Tọ́sídò: orúkọ ìlú ni kó tó di orúkọ aṣọ

Àbúrò kan tó ń múra ìgbéyàwó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ìtumọ̀ tọ́sídò gan-an, àti pé ṣé ó yàtọ̀ sí súùtù dúdú tó ti wà nílé òun. Télọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà o, mo sì fẹ́ kó yé e kó tó sanwó.

Àbúrò mi, orúkọ ìlú ni. Tuxedo Park wà ní ìpínlẹ̀ New York, ó tó bíi máìlì 40 sí ìlú New York fúnra rẹ̀. Pierre Lorillard, tí ìdílé rẹ̀ là nídìí òwò tábà, ló sọ igbó ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ àwọn olówó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ wọn, Tuxedo Club, sílẹ̀ ní 1886. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló sọ ibẹ̀ lórúkọ. Àwọn Lenape, tó ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ló ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ róbótó, pé ìnagijẹ ìkookò ni; àwọn mìíràn ní odò tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ ló túmọ̀ sí. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n lé àwọn tó ni èdè náà kúrò lórí ilẹ̀ wọn, orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ wá di ti aṣọ ọlọ́lá káàkiri ayé.

Aṣọ náà fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin ọlọ́lá kì í jókòó jẹun alẹ́ láìwọ kóòtù onírù, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn dé orúnkún. Edward, àkọ́bí ọkùnrin Ọbabìnrin Victoria, ẹni tó padà jọba ní 1901, fẹ́ ohun tí yóò tù ú lára nígbà tó bá wà nílé rẹ̀ ní Sandringham. Ní 1865, ilé ìránṣọ Henry Poole ní Savile Row, London, rán kóòtù kúkúrú aláwọ̀ búlúù kan fún un. Nígbà tó di 1886, James Brown Potter, ọmọ ẹgbẹ́ Tuxedo, lọ kí ọmọ ọba yìí, òun náà sì rán irú rẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀ kan náà. Ó wọ̀ ọ́ dé Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìtàn mìíràn wà tó ní Griswold, ọmọ Lorillard, àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ kóòtù aláìnírù lọ sóde ijó ẹgbẹ́ náà ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Inú ẹgbẹ́ kan náà ṣáà ni ìtàn méjèèjì ti wáyé, bí orúkọ ìlú ṣe lẹ̀ mọ́ aṣọ nìyẹn. Ní Faransé àti Brazil, smoking ni wọ́n ń pè é.

Wò ó, aṣọ ìgbafẹ́ ni níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ nígbà náà dà bí ẹni tó bọ́ agbádá sílẹ̀, tó fi bùbá àti ṣòkòtò nìkan jókòó ti àlejò rẹ̀. Kóòtù onírù pẹ̀lú bótáì funfun ṣì jù ú lọ títí dòní. Òun ni wọ́n ń wọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm.

Ìyàtọ̀ tí o fi máa dá a mọ̀ ni sátíìnì. Súùtù, aṣọ kan náà ni láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ti tọ́sídò, sátíìnì tàbí sílíìkì ni wọ́n fi ń bo ọrùn kóòtù tó ṣẹ́ wálẹ̀ sáyà, wọ́n á tún fà á ní ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò. Ṣòkòtò yẹn kì í ní ibi tí a ń ki bẹ́líìtì bọ̀. Nítorí náà, wẹ́sítì tàbí ọ̀já tí wọ́n ń pè ní cummerbund ni a fi ń bo ìbàdí. Àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì ló kó ọ̀já yìí wálé láti Íńdíà. Èdè Páṣíà ló ni orúkọ rẹ̀, kamar ni ìbàdí, band ni ohun tí a fi ń dè é. Tí o bá máa ró o, jẹ́ kí ìṣẹ́po rẹ̀ kọjú sókè. Bótáì dúdú ló bá a mu. Àwọ̀ búlúù tó ṣú bí òru náà dára gan-an, torí lábẹ́ iná, ó máa ń dúdú ju dúdú lọ.

Aṣọ alẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ ìyàwó ní Èkó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi, màá wọ súùtù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màá fi tọ́sídò jó lálẹ́. Tí ìwé ìpè bá sì sọ pé black tie, tọ́sídò ni wọ́n ń wí. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, pàápàá ti àwọn aṣojú ìjọba, máa ń fi kún un pé aṣọ ìbílẹ̀ náà dára. Ibẹ̀ ni kí o gbé agbádá rẹ àti fìlà lọ.