"Cooper" tí wọ́n kọ síwájú orúkọ bàbá yẹn, àgbá epo ló ń kàn

Bọ̀dá tó béèrè nípa ìwé ìgbéyàwó ọdún 1897 yẹn, ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o. Ẹ ní wọ́n kọ "Cooper" sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ bàbá ọkọ, pé àwọn kan nílé ní orúkọ òyìnbó tó tọ́ ọ dàgbà ni, àwọn kan ní oníṣẹ́ bàbà (copper) ni, ìyá àgbà wá ní "bàbá alágbàá" lòun gbọ́ tí wọ́n ń pè é, ni gbogbo yín bá gbà pé olóyè eégún ni. Ìyá àgbà nìkan ló gbà á nínú yín, ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó ń kan àgbá onípákó ni wọ́n ń pè ní cooper. Inú àgbá ni epo pupa tó ń ti Èkó lọ sílùú ọba máa ń wà nígbà yẹn, òyìnbó á tú pákó àgbá náà, wọ́n á dì í ní ìdì-ìdì sínú ọkọ̀ òkun kó má baà gba àyè, tó bá wá gúnlẹ̀ síbí, cooper á tò ó padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi ọ̀já irin dè é lára, á máa lù ú yí po títí tí kò fi ní jò. Alágbàá tó ni àgbá, kì í ṣe Alágbàá tó ni eégún. Méjèèjì fẹ́ẹ̀ jọra létí, kí lẹ fẹ́ kí ìyá ṣe sí i?

Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí ohun tójú tèmi rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú páànù bísíkíìtì tí bàbá bàbá mi fi ń pa ìwé mọ́ ni mo ti rí bébà kan, wọ́n kọ "Platelayer, L.G.R." sí i. Èmi tí mo gbọ́ òyìnbó! Mo ní plate, abọ́ nìyẹn, layer, ẹni tó ń tẹ́ ẹ, á jẹ́ pé sítúwọ́ọ̀dù ni bàbá nílé òyìnbó kan, òun ló ń to abọ́ sórí tábìlì. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìrántí bàbá, igba ẹ̀dà, a pín in fún èrò. Bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìntì nínú rélùwéè ló ń kà á lórí ìjókòó, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló sọ bàbá yìí di kúkù? Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè gbé ìrẹsì jẹ lọ́jọ́ náà.

Bàbá yẹn ló là mí lójú. Irin tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá ni òyìnbó àtijọ́ ń pè ní plate, platelayer sì ni ẹni tó ń tẹ́ irin yẹn tó sì ń tọ́jú ẹ̀. Gáńgì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́, ní ibi tí wọ́n pín fún un, láàárọ̀ kùtù wọ́n á fẹsẹ̀ rìn ín dópin, èyí tó bá dẹ̀ níbẹ̀ wọ́n á fún un le, sílípà, ìyẹn igi ìdábùú tí irin náà gùn lé, èyí tó bá ti jẹrà nínú ẹ̀ wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ki òkúta sábẹ́ ẹ̀. L.G.R. yẹn, Lagos Government Railway ni. Ọdún 1912 ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti Baro sí Kano tó di Nigerian Railway, tẹ́ ẹ bá wá rí N.R.C., Nigerian Railway Corporation nìyẹn, ó ti wọ 1955 sókè. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló jẹ́ kí n mọ ìgbà tí wọ́n kọ bébà tí kò ní déètì lórí.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí wọ́n fi bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí èyí tó tẹ̀ lé e ní Ọ̀ṣogbo, tí wọ́n wá bí bàbá mi ní Ọ̀fà. Nílé wa, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé bàbá jẹ ẹsẹ̀ ajá. Irọ́ ni, irin ló ń tẹ̀ lé: 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, 1907 ló dé Ọ̀ṣogbo, ó sì ń lọ sókè bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo tún fi ṣòfò ní National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, mò ń ṣí Staff List, ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, orúkọ bàbá ò sí níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ojúmọ́ fún, kí ló fẹ́ wá síbẹ̀? Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ jùlọ ni àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ti bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta pé iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe, "iṣẹ́ ìjọba" ni ìdáhùn wọn nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ kan mo kàn ní, màmá, kí ló máa ń wà lọ́wọ́ bàbá tí wọ́n bá ń jáde láàárọ̀? Wọn ò tiẹ̀ rò ó. Wọ́n ní òòlù ọlọ́wọ́ gígùn, spánà tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, àti àsíá méjì tí wọ́n ká pọ̀, pupa kan, àwọ̀ ewé kan, wọ́n ní bàbá na àwọn lẹ́gba lọ́jọ́ tí àwọn fi pupa yẹn pọn bèbí. Ẹ bi ìyá yín àgbà ní irú ìbéèrè yẹn nípa ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà tiwọn, bóyá ẹnì kan dárúkọ ọ̀já irin.

Ti Yorùbá náà ń rú èèyàn lójú ṣá. Lọ́dọ̀ ìyá mi, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, "òṣómàáló" ni wọ́n máa ń pe bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà bí oyè, ó kọ Chief sí i níwájú! Aláṣọ àwìn ni òṣómàáló o. Wọ́n á gbé aṣọ lọ sí abúlé àwọn oníkòkó, wọ́n á tà á láwìn, tọ́jọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Kò sóyè kankan níbẹ̀, ariwo ló wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí "Dresser", kì í ṣe aránṣọ, ẹni tó ń di egbò ní ọsibítù ni. "Farmer" ni kẹ́ ẹ máa fura sí jù, torí akọ̀wé tó bá bi ọkọ ìyàwó pé kí ni bàbá ẹ ń ṣe nílé, tíyẹn bá ní ọdẹ ni, tàbí babaláwo, tó tún ń dáko, Farmer ló máa yá a lára láti kọ. Ní ti orúkọ, Àyàn fi yín hàn ní ọmọ onílù, Ọjẹ̀ ní ọmọ eléégún, àmọ́ iṣẹ́ ìdílé nìyẹn, ẹni tó ń jẹ́ Àyàn lè má mọ̀ bí wọ́n ṣe ń di kọ̀ǹgọ́ mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò ìwé yẹn síbí kó hàn dáadáa, pàápàá ibi tí wọ́n kọ iṣẹ́ ọkọ fúnra ẹ̀ sí. Ẹ ní "Clk", ìyẹn Clerk, akọ̀wé, àti nǹkan kan tó dà bíi "Cust" lẹ rí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Customs, àwọn aṣọ́bodè, lóòótọ́, bàbá ń kan àgbá, ọmọ ń kà á ní wọ́ọ̀fù nìyẹn.