Bí A Ṣe Ń Wá Ẹni Tí Ọlọ́pàá Mú ní Houston

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò wa. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí àbúrò mi ọkùnrin ti wà ní Houston, kò sì sí ọjọ́ Àìkú kan tí kì í pè mí. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni fóònù rẹ̀ kò ti lọ mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló wá sọ fún mi pé ọlọ́pàá dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró lójú títì, wọ́n sì mú un lọ. Lánàá, ẹnì kan fi nọ́ńbà Amẹ́ríkà pè mí pé òun ni lọ́yà rẹ̀, pé kí n tètè fi owó béèlì ránṣẹ́. Wọ́n ní ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè rí orúkọ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú àìsùn. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún yín, ẹ sì lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti inú yàrá yín ní Ìbàdàn láìná kọ́bọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín ná: ẹ má tíì fi owó kankan ránṣẹ́ sí ẹni tó pè yín lánàá. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní Texas, ìpínlẹ̀ tí Houston wà, orí 552 nínú ìwé òfin ìjọba ìpínlẹ̀ náà ló fún ará ìlú láṣẹ láti wo ìwé ìjọba. Òfin náà gbà kí ọlọ́pàá fi púpọ̀ nínú ìwádìí wọn pamọ́ nígbà tí ẹjọ́ bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ pamọ́, ìyẹn ẹni tí wọ́n mú, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ibi tí wọ́n ti mú un, àti ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Ní Houston gan-an ni wọ́n ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Houston Chronicle pe ìjọba ìlú náà lẹ́jọ́, nígbà tó sì di 1975, ilé ẹjọ́ dá a pé ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí ọlọ́pàá kọ nípa ẹ̀sùn kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi pamọ́ fún aráyé. Mo ka ẹjọ́ yẹn sí púpọ̀, nítorí pé níbi tí ọlọ́pàá bá ti lè mú èèyàn láìsọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ilé ìgbókùú-sí ni ẹbí rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ sáré lọ.

Ohun tó máa ń ṣi àwọn ará ilé lọ́nà jù ni pé wọ́n máa ń wá àtìmọ́lé kan ṣoṣo tí wọ́n ń kó gbogbo ẹni tí ọlọ́pàá bá mú ní Amẹ́ríkà sí. Kò sí irú rẹ̀. Káúńtì kọ̀ọ̀kan, tí ẹ lè fi wé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ló ní ṣẹ́rífù tirẹ̀, ìyẹn olórí ọlọ́pàá káúńtì, àti àtìmọ́lé tirẹ̀, ṣẹ́rífù yẹn ló sì ń kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sórí ìkànnì. Harris ni káúńtì tí apá tó pọ̀ jù nínú Houston wà. Láti 2019, ẹni tí ọlọ́pàá ìlú Houston bá mú àti ẹni tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣẹ́rífù Harris bá mú, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé, ní ilé ìgbàwọlé ńlá kan láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé Sugar Land tàbí ìhà Richmond ni àbúrò yín ń wakọ̀ gbà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa kọ́lé sí, ó ti bọ́ sí káúńtì Fort Bend nìyẹn, orúkọ rẹ̀ kò sì ní sí lọ́dọ̀ Harris bí ẹ bá tilẹ̀ wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè òpópónà tí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró, àti àwọ̀ ọkọ̀ àti aṣọ àwọn tó dá a dúró bó bá rántí.

Bí ẹ bá ti mọ káúńtì, ẹ lọ sórí ìkànnì iléeṣẹ́ ṣẹ́rífù ibẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó wà ní àtìmọ́lé. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni wọn yóò béèrè. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já bí orúkọ rẹ̀ kò bá hàn ní wákàtí àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bá mú èèyàn dé ibẹ̀, wọn yóò gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀, wọn yóò yà á ní fọ́tò, wọn yóò gba ìtẹ̀ka rẹ̀, wọn yóò bi í nípa ìlera rẹ̀, ẹ̀yìn náà ni orúkọ rẹ̀ yóò tó wọ ojúlé tí ẹ̀ ń wò. Nígbà mìíràn, ó lè tó ọ̀pọ̀ wákàtí. Ṣùgbọ́n òfin Texas ní kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 48 lọ lẹ́yìn tí wọ́n mú èèyàn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú adájọ́ kékeré kan, tí yóò ka ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, tí yóò sì sọ̀rọ̀ béèlì. Láti ọjọ́ Ẹtì títí di òní, wákàtí 48 ti kọjá, ó sì yẹ kí àkọsílẹ̀ ti wà níbì kan.

Orúkọ àwa Yorùbá ló máa ń jẹ́ kí ìwákiri yìí pẹ́. Bàbá kan jókòó níwájú mi nínú ọ́fíìsì, ó kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sórí bébà fún mi tòun tàmì: Adéṣínà. Mo tẹ Adesina, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Mo tẹ Adeshina, kò sí. Bàbá náà ti ń nu ojú rẹ̀ kí n tó ní kí wọ́n fi fọ́tò ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ọmọ náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà tí a fẹ fọ́tò náà lójú, a rí i pé orúkọ àárín ọmọ náà ni wọ́n kọ sí àyè orúkọ ìdílé láti ọjọ́ tó ti dé Amẹ́ríkà, orúkọ ìdílé sì ti di orúkọ àárín. A tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ọlọ́pàá bá rí lórí káàdì ni yóò tẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ sọ ọmọ yín lọ́jọ́ ìkómọ. Nítorí náà, ẹ wá fọ́tò káàdì tàbí ìwé ìrìnnà àbúrò yín, kí ẹ tẹ orúkọ bí ó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, láìfi àmì ohùn sí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yí àwọn orúkọ náà sípò ara wọn, kí ẹ sì gbìyànjú sh níbi tí s wà. Ẹ tún rántí pé oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 7/3, ọjọ́ kẹta oṣù Keje ni.

Bí ẹ bá rí i lọ́dọ̀ Harris, ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú ewé náà ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní SPN. Ènìyàn ni wọ́n fún ní nọ́ńbà yìí, kì í ṣe ẹjọ́, kì í sì í yí padà bí wọ́n bá tilẹ̀ mú un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ̀sùn, iye béèlì àti kóòtù tí wọ́n darí rẹ̀ sí. Àkọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ Harris, tí wọ́n ń pè ní District Clerk, ní ìkànnì tirẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti rí ọjọ́ tí ẹjọ́ yóò wáyé. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà ìwé tí ọlọ́pàá kọ, ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tó mú un, kí ẹ sì fi ìwé béèrè. Bí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan kan pamọ́ nínú rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní láti fi béèrè fún ìdájọ́ olórí agbẹjọ́rò ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni wọ́n sábà ń gbà lórí ojú ewé kan.

Bí ẹ kò bá rí i lọ́dọ̀ Harris tàbí Fort Bend, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ICE ló wà, iléeṣẹ́ tó ń mú àwọn àjèjì tí ìwé wọn kò pé. Wọ́n ní ìkànnì ìwákiri tiwọn. Nọ́ńbà ìwé àjèjì rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A tí nọ́ńbà mẹ́sàn-án sì tẹ̀lé e, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí i, ni ẹ ó fi wá a. Bí kò bá sí nọ́ńbà yẹn, ẹ ó tẹ orúkọ àti orílẹ̀-èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà gbọ́dọ̀ bá tiwọn mu láìyẹ̀ ní lẹ́tà kan. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé 18 kì í hàn níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ náà ní ìkànnì tirẹ̀, tí orúkọ àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti 1982 wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tí ọlọ́pàá mú lójú títì ní ọjọ́ Ẹtì ti dé ibẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí ó ti ná ọ̀pọ̀ ẹbí lówó. Bí àbúrò yín kì í bá ṣe ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ICE lè kọ̀wé sí àtìmọ́lé káúńtì pé kí wọ́n mú un dúró fún wákàtí 48 sí i lẹ́yìn tó bá yẹ kí ó jáde, kí àwọn lè wá gbé e. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà, béèlì tí ẹ bá san lè má mú un dé ilé rárá, láti àtìmọ́lé kan ni yóò kàn ti bọ́ sí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín béèrè ní àtìmọ́lé kí ẹ tó san ohunkóhun. Bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà bá ṣì ni tirẹ̀, ẹ̀tọ́ mìíràn tún wà. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi tó aṣojú wọn létí nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ ìlú wọn, yálà ẹni náà béèrè fún un tàbí kò béèrè. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ àti SPN rẹ̀ tó ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Atlanta létí, ọ̀dọ̀ wọn ni Texas wà.

Ó ku ẹni tó pè yín. Àkọsílẹ̀ tí ẹ̀yin lè rí, àwọn gbájúẹ̀ náà ń rí i. Wọ́n á ka orúkọ, ẹ̀sùn àti iye béèlì lórí ìkànnì, wọ́n á wá àwọn ẹbí lórí Facebook, wọ́n á sì fi ohùn lọ́yà pè wọ́n. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì wò ó lórí ìkànnì ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Texas, níbi tí orúkọ gbogbo agbẹjọ́rò tó ní àṣẹ ní ìpínlẹ̀ náà wà. Bí ẹ bá rí i, ẹ pe nọ́ńbà ọ́fíìsì tó wà níbẹ̀, ẹ má pe èyí tó fi pè yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra gift card, tàbí tó ní ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, olè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ yẹra fún àwọn ìkànnì oníṣòwò tó ń gbé fọ́tò àwọn tí wọ́n mú kiri. Àṣìṣe pọ̀ nínú wọn, wọn kì í sì í tètè kọ ọ́ bí ẹ̀sùn bá ti dà nù. Láti 2013, òfin Texas ti fi dandan lé e pé kí irú wọn tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ òun tún àṣìṣe ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé ohun tí wọ́n mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ti ní kí a pa rẹ́ jáde mọ́. Orúkọ tó wà lójú ewé ṣẹ́rífù ń sọ pé wọ́n mú èèyàn ni. Kò sọ pé ó jẹ̀bi.

Bí ẹ bá fẹ́ pe àtìmọ́lé fúnra yín, ẹ rántí pé aago Houston fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje wà lẹ́yìn tiwa, gẹ́gẹ́ bí àkókò ọdún bá ṣe rí. Òun náà lè pè yín láti inú ibẹ̀. Bó bá pè, ẹ bi í bóyá ó jẹun, bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀, bóyá ó ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti rí orúkọ rẹ̀. Ẹ má bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n ń gba ohùn àwọn tó ń pe ilé sílẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba sì lè gbé e wá sí kóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni ẹ sọ.